Kí Ló Dé Tí Ìjákulẹ̀ Arsenal Fi Ń Dùn Mí Tó Báyìí?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ gírámà ni mí nílùú Ìbàdàn, mo sì ti lé díẹ̀ ní ogójì ọdún. Láti ìgbà tí Kanu Nwankwo ti wà ní Arsenal ni mo ti ń ṣe ẹgbẹ́ náà, bẹ́ẹ̀ ni n kò dé Lọ́ńdọ̀nù rí. Lọ́jọ́ tí Manchester City gba ife ẹ̀yẹ Premier League mọ́ wa lọ́wọ́ ní oṣù Karùn-ún ọdún 2024, n kò lè jẹun alẹ́, n kò sì bá ẹnikẹ́ni nínú ilé sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́. Ìyàwó mi ní òun kò rí mi bẹ́ẹ̀ nígbà tí wọ́n dá owó oṣù wa dúró. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé àìsàn ni? Ṣé kí n fi í sílẹ̀ ni? Ọmọkùnrin mi, ọmọ ọdún mẹ́jọ, sì ti ń bẹ̀ mí pé kí n máa mú òun lọ sí ilé ìwòran bọ́ọ̀lù. Ṣé kí n gbà fún un?

Ìdáhùn: Kì í ṣe àìsàn. Ohun tó ṣe yín lálẹ́ ọjọ́ náà jẹ́ ìbànújẹ́ gidi, irú èyí tó máa ń bá ènìyàn nígbà tó bá pàdánù ohun tó jẹ́ tirẹ̀. Inú mi yóò dùn bí ìyàwó yín bá lè ka ìdáhùn yìí pẹ̀lú yín, nítorí àkíyèsí tó ṣe yẹn jinlẹ̀ púpọ̀. Owó oṣù tí wọ́n dá dúró jẹ́ ohun tí wọ́n fi dù yín: ẹ mọ ẹni tí ẹ lè bínú sí, ẹ mọ ẹni tí ẹ lè yá owó lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ sì mọ̀ pé bó pẹ́ bó yá, owó náà lè wọlé. Ife ẹ̀yẹ tó bọ́ lọ́wọ́ yín kò rí bẹ́ẹ̀. Arsenal na Everton 2-1 lọ́jọ́ náà, wọ́n ṣe gbogbo ohun tó wà níkàáwọ́ wọn, síbẹ̀ Manchester City na West Ham 3-1 ní pápá mìíràn, wọ́n sì fi àmì méjì péré ṣáájú, 91 sí 89. Kò sí ẹni tí ẹ lè bá jà, kò sí ibi tí ẹ lè fi ẹjọ́ sùn, kò sì sí ohun kan tí ẹ̀yin fúnra yín ì bá ṣe láti yí i padà. Ìbànújẹ́ tí kò ní ọ̀nà àbájáde máa ń jókòó sínú ènìyàn ni, ìdí nìyẹn tí ọ̀fun yín kò fi gba oúnjẹ.

Ṣùgbọ́n kí ló sọ Arsenal di tiyín? Bí wọ́n bá ní kí ẹ sọ irú ẹni tí ẹ jẹ́, ẹ ó ní olùkọ́ ni yín, ọmọ Ìbàdàn, ọkọ, bàbá. Bí wọ́n bá wá jẹ́ kí ẹ sọ̀rọ̀ pẹ́ díẹ̀, ẹ ó fi kún un pé ọmọ Arsenal ni yín, ẹ kò sì ní sọ ọ́ bí ẹni ń sọ ohun tó fẹ́ràn láti máa jẹ tàbí láti máa wọ̀. Ohun tó bá ti wọ inú ohun tí ènìyàn fi ń dá ara rẹ̀ mọ̀, ọkàn kì í bi í léèrè mọ́ bóyá ó wà nítòsí tàbí lókè òkun, bóyá wọ́n mọ̀ ọ́n níbẹ̀ tàbí wọn kò mọ̀ ọ́n. Bí ohun náà bá ṣubú, òun ló ṣubú. Bí ó bá gòkè, òun ló gòkè. Orí ọ̀rọ̀ yìí ni gbogbo ohun tí mo máa sọ lẹ́yìn èyí dúró lé.

Kò sì gba ohun púpọ̀ kí irú ìsopọ̀ bẹ́ẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Henri Tajfel, Júù ọmọ ilẹ̀ Poland tí Ogun Àgbáyé Kejì pa ẹbí rẹ̀ run, di onímọ̀ ìhùwàsí ẹ̀dá ní Yunifásítì Bristol ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì fi ọ̀pọ̀ ọdún wá ohun tó kéré jù lọ tó lè mú kí ènìyàn máa ṣe ojúsàájú fún ẹgbẹ́ tirẹ̀. Nínú ìwádìí tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní ọdún 1971, wọ́n kó àwọn ọmọkùnrin ọlọ́dún 14 àti 15 jọ, wọ́n fi iṣẹ́ ọwọ́ ayàwòrán méjì, Klee àti Kandinsky, hàn wọ́n, wọ́n sì sọ fún ọmọ kọ̀ọ̀kan pé ó wà lára àwọn tó fẹ́ràn ọ̀kan nínú méjèèjì. Ìpín náà kò ní ìtumọ̀ kankan. Àwọn ọmọ náà kò mọ ẹni tí wọ́n jọ wà ní ẹgbẹ́ kan náà, kò sì sí èrè tí ẹnikẹ́ni nínú wọn máa jẹ fún ara rẹ̀. Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n ní kí wọ́n pín owó, ẹgbẹ́ tiwọn ni wọ́n ń pín púpọ̀ fún, ọ̀pọ̀ wọn sì gbà kí owó tí ẹgbẹ́ tiwọn yóò rí dínkù díẹ̀, bí yóò bá ṣáà ti ju ti àwọn yòókù lọ gan-an. Bí àwòrán tí kò kan ẹnikẹ́ni bá lè ṣe èyí ní ọjọ́ kan ṣoṣo, ẹ wá ro ohun tí ọdún 25 lè ṣe, pẹ̀lú aṣọ pupa, pẹ̀lú orin, pẹ̀lú orúkọ àwọn agbábọ́ọ̀lù tí ẹ mọ̀ lórí, àti pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ tí ẹ ti bá pariwo títí ohùn yín fi há.

Àwa Yorùbá kò yẹ ká rí i bí ohun àjèjì rárá. Ẹ wo ọmọ Ìbàdàn tí onílù dojú gángan kọ níbi ìnáwó, tó ń kì í ní ọmọ Ìbàdàn mesì Ọ̀gọ̀, ní ilé Olúyọ̀lé. Orí rẹ̀ á wú, yóò nàró, ọwọ́ rẹ̀ á sì ti bọ àpò kó tó mọ̀. Kò bá wọn jagun ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, kò mọ bí ojú Olúyọ̀lé ṣe rí, síbẹ̀ ògo àwọn jagunjagun wọ̀nyẹn wọ̀ ọ́ lára bí ẹni pé òun gan-an ló gbé idà. Ẹnikẹ́ni kì í bi í pé kí ló kàn án nínú ogun tí wọ́n jà kí wọ́n tó bí bàbá bàbá rẹ̀, nítorí gbogbo wa gbà pé ohun tí àwọn èèyàn ẹni ṣe, ẹni náà ni ó ṣe é. Ohun kan náà ni ó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ẹ bá bọ́ sí ìta ní ọjọ́ Ajé tí ẹ sì ń sọ pé, “A nà wọ́n.”

Robert Cialdini àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé irú ògo àyálò yìí lé òṣùwọ̀n ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì gbé èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 1976. Ní yunifásítì méje, wọ́n ń ka iye akẹ́kọ̀ọ́ tó wọ aṣọ tí orúkọ tàbí àmì ilé ẹ̀kọ́ wọn wà lára rẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ Ajé. Bí ikọ̀ ilé ẹ̀kọ́ nínú bọ́ọ̀lù ti Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n ń fi ọwọ́ gbé sáré, bá borí ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, aṣọ náà máa ń pọ̀ lọ́rùn àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ju ìgbà tí ikọ̀ náà bá fìdí rẹmi lọ. Wọ́n tún pe àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lórí tẹlifóònù láti bi wọ́n nípa àbájáde eré, wọ́n sì rí i pé bí ikọ̀ bá borí, wọ́n máa ń ka ara wọn mọ́ ọn. Bí ó bá pàdánù, wọ́n máa ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ bí ẹni ń sọ̀rọ̀ ará ibòmíràn. Èyí tó jọ mí lójú jù lọ nínú iṣẹ́ náà ni pé wọ́n kọ́kọ́ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ìdánwò kékeré kan, wọ́n sì sọ fún àwọn kan pé wọn kò ṣe dáadáa. Àwọn tí wọ́n dójú tì bẹ́ẹ̀ gan-an ni wọ́n wá rọ̀ mọ́ ìborí ikọ̀ wọn jù. Ẹ ro ti àwọn ọ̀dọ́ wa tó wà nínú ilé ìwòran ní alẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta, àwọn tó ti parí ilé ẹ̀kọ́ tí wọn kò ríṣẹ́, àwọn tí ọ̀gá ti bú láti àárọ̀, àwọn tí onílé ń wá. Fún wákàtí méjì, ibì kan wà tí wọ́n ti lè borí. N kò lè fojú kékeré wo ìyẹn, mo sì máa ń bínú sí àwọn àgbàlagbà tó ń pè wọ́n ní aláìnírònú.

Ipa rẹ̀ kò sì mọ sórí ọ̀rọ̀ ẹnu. Ní ọdún 1992, Edward Hirt àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí kan jáde tí wọ́n ṣe pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Indiana tó fẹ́ràn ikọ̀ basketball ilé ẹ̀kọ́ wọn. Wọ́n ní kí wọ́n wo eré lórí tẹlifíṣọ̀n, lẹ́yìn náà kí wọ́n sọ bí àwọn fúnra wọn yóò ṣe ṣe tó nínú iṣẹ́ bíi mélòó kan: jíju ọfà kékeré sí ojú àmì, títún lẹ́tà tó ti dàrú tò di ọ̀rọ̀, àti bóyá ẹni tó wù wọ́n yóò gbà láti bá wọn jáde. Àwọn tí ikọ̀ wọn pàdánù gbà pé àwọn gan-an kò ní ṣe dáadáa nínú àwọn nǹkan wọ̀nyí, nígbà tí àwọn tí ikọ̀ wọn borí ń wo ara wọn bí akọni. Ìwádìí mìíràn, tí Paul Bernhardt àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní ọdún 1998, wo inú ara àwọn òǹwòran. Wọ́n gba itọ́ àwọn ọkùnrin tó ń wo àṣekágbá Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé ọdún 1994, èyí tí Brazil fi pẹ́náritì gbà mọ́ Ítálì lọ́wọ́. Testosterone, èròjà inú ara tó máa ń lọ sókè lára ẹni tó borí nínú ìdíje, ga sí i lára àwọn ti Brazil, ó sì lọ sílẹ̀ lára àwọn ti Ítálì. Àwọn tó jókòó sórí àga ni wọ̀nyí o, ẹsẹ̀ wọn kò kan bọ́ọ̀lù.

Ohun kejì tó ń mú kí bọ́ọ̀lù di ènìyàn mú ni àìmọ bí yóò ṣe yọrí. Góòlù kò wọ́n nínú basketball, ṣùgbọ́n nínú bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀, bí góòlù mẹ́ta bá wọlé láàárín 90 ìṣẹ́jú, ó ti tó bẹ́ẹ̀ náà. Nítorí náà, ẹgbẹ́ tí kò lágbára lè na alágbára, bí ẹgbẹ́ kan bá sì fi góòlù kan ṣáájú, àyà àwọn èèyàn rẹ̀ kò lè balẹ̀ títí rẹfirí yóò fi fọn fèrè ìkẹyìn. Àwọn onímọ̀ nípa ọpọlọ ti rí bí èyí ṣe ń ṣiṣẹ́. Wolfram Schultz àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi àmì hàn àwọn ọ̀bọ kí wọ́n tó fún wọn ní ohun mímu dídùn, wọ́n sì ń wo àwọn sẹ́ẹ̀lì inú ọpọlọ tó ń tú dopamine jáde, èròjà tó máa ń mú ènìyàn lépa ohun tó wù ú. Nínú ìwádìí tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2003, bí àmì bá sọ dájú pé ohun mímu ń bọ̀, tàbí pé kò sí rárá, àwọn sẹ́ẹ̀lì yẹn kì í ru sókè bí wọ́n ti ń dúró. Ìgbà tó bá jẹ́ pé ó lè rí bẹ́ẹ̀, ó lè má rí bẹ́ẹ̀, ní ìdajì sí ìdajì, ni wọ́n máa ń ru jù lọ.

Bí ẹ bá fẹ́ rí i kedere, ẹ rántí alẹ́ ọjọ́ 7 oṣù Kejì ọdún 2024, nígbà tí Nàìjíríà pàdé South Africa ní ìlú Bouaké, ní ìpele tó kángun sí àṣekágbá Ife Ẹ̀yẹ Ilẹ̀ Áfíríkà. William Troost-Ekong ti fi pẹ́náritì jẹ góòlù kan fún wa ní ìṣẹ́jú 67. Nígbà tó ku ìṣẹ́jú díẹ̀ kí eré parí, Victor Osimhen gbá bọ́ọ̀lù wọlé, àwọn ènìyàn sì ti ń dì mọ́ra wọn káàkiri Nàìjíríà, wọ́n ti ń kígbe pé ó tán. Rẹfirí ní kí wọ́n dúró. VAR, àwọn tó ń fi fídíò yẹ eré wò fún rẹfirí, ti rí i pé kí bọ́ọ̀lù náà tó kúrò níwájú ilé wa, Alhassan Yusuf ti ta ẹsẹ̀ mọ́ Percy Tau. Wọ́n fagi lé góòlù Osimhen, wọ́n fún South Africa ní pẹ́náritì, Teboho Mokoena sì gbá a wọlé. Ohun tí gbogbo ènìyàn ti rò pé ó jẹ́ 2-0 di 1-1. Lẹ́yìn 30 ìṣẹ́jú àfikún, wọ́n lọ sí pẹ́náritì, Stanley Nwabali mú méjì, Kelechi Iheanacho sì gbá èyí tó kẹ́yìn wọlé. Wọ́n ròyìn lọ́jọ́ kejì pé àwọn ọmọ Nàìjíríà kan kú bí wọ́n ti ń wo eré náà. N kò mọ eré orí ìtàgé tàbí sinimá tó lè gbé ènìyàn gun òkè ayọ̀, kó jù ú sísàlẹ̀, kó tún gbé e sókè láàárín wákàtí kan báyìí, nítorí ẹni tó kọ eré ìtàgé ti mọ bí yóò ṣe parí. Ẹnikẹ́ni kò mọ̀ ní Bouaké.

Ohun kan wà tó yẹ kó yà yín lẹ́nu síbẹ̀. Peter Dolton àti George MacKerron ti Yunifásítì Sussex lo fóònù láti máa bi àwọn ènìyàn léèrè bí ara wọn ṣe rí ní oríṣiríṣi wákàtí, wọ́n sì fi èsì wọn wé ọjọ́ tí ẹgbẹ́ wọn gbá bọ́ọ̀lù. Ní ọdún 2018, wọ́n sọ pé ní wákàtí àkọ́kọ́ lẹ́yìn eré, ìbànújẹ́ ẹni tí ẹgbẹ́ rẹ̀ pàdánù tó ìlọ́po méjì ayọ̀ ẹni tí ẹgbẹ́ rẹ̀ borí. Bí a bá ní ká fi ọgbọ́n oníṣòwò ṣírò rẹ̀, gbèsè ni, ó sì yẹ kí gbogbo olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù ti fi í sílẹ̀ tipẹ́tipẹ́. Pé wọn kò fi í sílẹ̀ fi hàn mí pé èrè wọn wà níbòmíràn, mo sì gbà pé ọ̀dọ̀ àwọn tí wọ́n jọ ń wò ó ni èrè náà wà.

Ẹ wo ilé ìwòran yín. Mẹkáníìkì jókòó ti òṣìṣẹ́ báǹkì, ọlọ́kadà ń bá lọ́yà jiyàn nípa ẹni tó yẹ kó wà ní ẹ̀yìn, ọmọ Igbo, ọmọ Hausa àti ọmọ Yorùbá ń fò mọ́ra wọn lọ́rùn lórí góòlù kan náà. Níbo ni irú àwọn ènìyàn yìí tún ti ń pàdé pẹ̀lú ọkàn kan? Daniel Wann ti Yunifásítì Murray State ní Kentucky ti fi ọ̀pọ̀ ọdún wádìí èyí, ohun tó sì ń rí léraléra ni pé ẹni tó fi ọkàn sí ẹgbẹ́ kan kì í sábà nímọ̀lára ìdánìkanwà bí àwọn mìíràn, àǹfààní yìí sì máa ń hàn jù nígbà tí àwọn tó ń ṣe ẹgbẹ́ kan náà bá wà lágbègbè rẹ̀. Ìsopọ̀ náà lè gbòòrò sí i bí a bá fẹ́. Mark Levine àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Lancaster ṣètò pé kí ẹnì kan máa sáré kọjá, kó ṣubú, kó di ẹsẹ̀ mú níwájú àwọn tó ń ṣe Manchester United. Bí ó bá wọ aṣọ United, wọ́n máa ń ràn án lọ́wọ́. Bí ó bá wọ aṣọ Liverpool, ọ̀pọ̀ kì í yà. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ ní kí wọ́n sọ̀rọ̀ nípa ohun tó dára nínú jíjẹ́ olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù lápapọ̀, wọ́n ran ẹni tó wọ aṣọ Liverpool náà lọ́wọ́. Ọdún 2005 ni wọ́n gbé e jáde, mo sì fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ní ilé ìwòran ní ìlú wa mọ̀ nípa rẹ̀.

Ẹ lè béèrè ìdí tó fi jẹ́ Arsenal, tí kì í ṣe ẹgbẹ́ ìlú yín. Ìbàdàn ti mọ ìfẹ́ yìí dáadáa kí Premier League tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1992. Ní ọdún 1976, IICC Shooting Stars, pẹ̀lú Segun Odegbami, Muda Lawal, Sam Ojebode àti Best Ogedegbe, na Tonnerre ti Yaoundé ní 4-2 lápapọ̀, wọ́n sì di ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ láti Nàìjíríà tó gba ife ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n pàdé Rangers ti Enugu nínú ìdíje kan náà, ní ìpele tó kángun sí àṣekágbá. Rangers jẹ́ ẹgbẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1970, nígbà tí ogun abẹ́lé ṣẹ̀ṣẹ̀ parí, ó sì jẹ́ ọ̀nà tí àwọn Igbo fi tún gbórí sókè. Wọ́n gbá ọ̀mì lẹ́ẹ̀mejì láìsí góòlù kankan, Rangers sì fi pẹ́náritì borí. Ẹ bi ẹnikẹ́ni tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún ní Ìbàdàn nípa eré méjèèjì yẹn, ẹ ó sì rí i pé ó ṣì ń dùn ún. Igbe “Up Shooting” kò yàtọ̀ sí oríkì létí wọn.

Ohun tó yí padà ni ohun tí ojú ń rí. Láti àwọn ọdún 1990, tẹlifíṣọ̀n orí sátẹ́láìtì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé eré ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wọ àdúgbò wa lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, nígbà tí eré ilé kì í fi bẹ́ẹ̀ hàn lórí tẹlifíṣọ̀n. Ní àkókò kan náà ni àwọn ọmọ wa tó gba góòlù ní ìdíje Olympic ti Atlanta ní ọdún 1996 ń wọ inú àwọn ẹgbẹ́ ńlá. Celestine Babayaro lọ sí Chelsea ní ọdún 1997, Kanu sì dé Arsenal ní ọdún 1999. Ó ṣeé ṣe kí oṣù Kẹwàá ọdún yẹn gan-an jẹ́ ìgbà tí ọ̀rọ̀ yín ti bẹ̀rẹ̀. Chelsea ti fi góòlù méjì ṣáájú ní Stamford Bridge, Kanu nìkan sì jẹ mẹ́ta láàárín ìṣẹ́jú bíi 15 tó kẹ́yìn. Fún ẹ̀kẹta, Ed de Goey, aṣọ́lé Chelsea, ti sá jáde wá bá a lẹ́bàá ìlà, Kanu yẹ̀ ẹ́, ó sì wà ní igun kan tí ẹnikẹ́ni kò rò pé bọ́ọ̀lù lè gbà kọjá, ó gbé e sókè sínú àwọ̀n. Ọmọ ilé ẹ̀kọ́ tó rí ìyẹn ní Ìbàdàn rí ara rẹ̀ níbẹ̀. Kanu kúrò ní Arsenal ní ọdún 2004, ṣùgbọ́n nígbà náà, ẹ ti ní àwọn ọ̀rẹ́ tí ẹ jọ ń ṣe é, ẹ sì ti rí wọn gba ife ẹ̀yẹ láìpàdánù eré kan ṣoṣo nínú 38.

Bóyá ẹ ti wá rí ìdí tí ẹ kò fi lè kó lọ sí ẹgbẹ́ mìíràn nígbà tí nǹkan kò lọ dáadáa. Wann àti Nyla Branscombe fi hàn ní ọdún 1990 pé àwọn tí ìfẹ́ wọn fẹ́lẹ́ máa ń yẹra nígbà ìpàdánù, ṣùgbọ́n àwọn tí ẹgbẹ́ ti di ara wọn kì í lè yẹra, nítorí wọn kò lè kúrò lára ara wọn. Ìyà tí wọ́n jọ jẹ tún máa ń so wọ́n pọ̀ sí i ni. Nígbà tí Martha Newson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi àwọn olólùfẹ́ ẹgbẹ́ Premier League tó sábà máa ń pàdánù wé àwọn ti ẹgbẹ́ tó sábà máa ń borí, nínú ìwádìí tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2021, àwọn tí wọ́n ti jìyà ni ìfẹ́ tó wà láàárín wọn lágbára jù.

Nítorí náà, n kò ní sọ pé kí ẹ fi í sílẹ̀. Ohun mẹ́ta ni mo máa rọ̀ yín sí. Èkíní ni ọkàn àyà yín, nítorí ẹ ti lé ní ogójì ọdún. Nígbà Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé ọdún 2006, àwọn dókítà ní Munich ṣàkójọ àwọn tí ọkàn wọn dédé yọ wọ́n lẹ́nu dé ilé ìwòsàn, wọ́n sì rí i pé ní ọjọ́ tí Jámánì bá gbá bọ́ọ̀lù, iye wọn máa ń tó ìlọ́po 2.66 ti àwọn ọjọ́ mìíràn. Láàárín àwọn ọkùnrin, ó lé ní ìlọ́po mẹ́ta. Wákàtí méjì àkọ́kọ́ lẹ́yìn tí eré bá bẹ̀rẹ̀ ló le jù, àwọn tó sì ti ní àìsàn ọkàn tẹ́lẹ̀ ni ó kàn jù. Ẹ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò, bí wọ́n bá sì fún yín ní oògùn, ẹ má ṣe jẹ́ kí ọjọ́ eré mú yín gbàgbé rẹ̀. Bí àyà bá ń dùn yín tàbí èémí kò dọ́gba, ẹ dìde nínú ilé ìwòran, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn, kódà bó bá jẹ́ pẹ́náritì ìkẹyìn ni wọ́n fẹ́ gbá.

Èkejì ni ilé yín. David Card àti Gordon Dahl yẹ ìwé àwọn ọlọ́pàá wò ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì gbé e jáde ní ọdún 2011 pé bí ikọ̀ bọ́ọ̀lù ti Amẹ́ríkà tí gbogbo ènìyàn rò pé yóò borí bá pàdánù, lílu ìyàwó tàbí ọ̀rẹ́bìnrin nínú ilé máa ń fi nǹkan bí ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i. N kò sọ pé ẹ̀yin máa ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ ní ẹ dákẹ́ ni. Ṣùgbọ́n ìdákẹ́jẹ́ títí ilẹ̀ fi mọ́ wúwo lórí àwọn ọmọ tí kò mọ ohun tí wọ́n ṣe. Bí ẹ bá dé láti ilé ìwòran pẹ̀lú ìbànújẹ́, ẹ sọ fún wọn pé wọ́n nà wá, inú mi bàjẹ́, ẹ fún mi ní wákàtí kan. Ìyàwó yín náà lè ràn yín lọ́wọ́ nípa fífi ọ̀rọ̀ owó ilé ẹ̀kọ́ tàbí ti ẹbí sílẹ̀ títí wákàtí náà yóò fi kọjá, kó má sì pe ìbànújẹ́ náà ní ìwà ọmọdé.

Ẹ̀kẹta ni tẹ́tẹ́. Ẹ kò mẹ́nu kàn án, ṣùgbọ́n ìsọ̀ wọn ti pọ̀ yí ilé ìwòran ká. Ẹ má ṣe fi owó sórí Arsenal láé. Ẹni tí ẹgbẹ́ ti di ara rẹ̀ kò lè fi ojú tó mọ́ ṣírò àǹfààní ẹgbẹ́ náà, bí wọ́n bá sì pàdánù, ọgbẹ́ méjì ni yóò gbé wọlé lálẹ́ kan ṣoṣo, ìkejì yóò sì kan oúnjẹ àwọn ọmọ.

Ní ti ọmọ yín, ẹ mú un lọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe ilé ìwòran ni kó ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ mú un lọ sí pápá ìṣeré Lekan Salami ní Adámásìngbà nígbà tí Shooting Stars bá gbá bọ́ọ̀lù nílé, kó gbọ́ bí bọ́ọ̀lù ṣe ń dún lẹ́sẹ̀ ènìyàn, kó rí agbábọ́ọ̀lù tó ń làágùn ní tòsí, kó sì mọ̀ pé ẹgbẹ́ kan wà tí òun lè fi ẹsẹ̀ rìn lọ wò. Lẹ́yìn ìyẹn, ilé ìwòran lè tẹ̀ lé e, ní ọ̀sán tí kò sí ilé ẹ̀kọ́ lọ́jọ́ kejì, ní ibi tí wọn kì í mu sìgá tí wọn kì í ta ọtí, kí ẹ sì jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn. Ẹ má fi dandan sọ ọ́ di ọmọ Arsenal. Ohun tí ọmọ ọdún mẹ́jọ ń wá nínú ẹ̀bẹ̀ tó ń bẹ̀ yín ni àyè lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá rẹ̀, bí ó bá sì wá di ìgbà kan tó yan Chelsea, ẹ bá a ra aṣọ wọn, kí ẹ jọ jókòó wò ó.